Ibi tí ẹsẹ̀ wà ni kí ọkàn wà: àlàyé fún ẹni tí ọ̀rọ̀ “pleine conscience” ń rú lójú

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi níbi tí mo ti ń gé aṣọ. Fídíò ló fẹ́ fi hàn mí: àwọn àgbàlagbà kan nínú ọgbà ní Ṣáínà, wọ́n ń gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó wà nínú omi, wọ́n ń yí ìbàdí, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé èkejì, ẹnikẹ́ni kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó ní, “Tàǹtí, ṣé ijó nìyí, àbí àdúrà, àbí eré ìdárayá?” Kí n tó dáhùn, àwọn oníbàárà méjì tó ń dúró de aṣọ wọn ti dá sí i. Ọ̀kan ní ẹ̀sìn ni, kí ọmọ náà yáa pa fóònù. Èkejì ní kò lè jẹ́ eré ìdárayá, nítorí kò sẹ́ni tó làágùn nínú wọn. Mo rántí pé ìbéèrè ọmọ yìí náà ni mo bi ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ mi, ọ̀pọ̀ oṣù ló sì gbà kí ìdáhùn rẹ̀ tó yé mi. Mo fẹ́ sọ ọ́ níbí bó ṣe yé mi.

Orúkọ ló kọ́kọ́ ń da ọ̀rọ̀ náà rú. Àwa tó ń gbọ́ Faransé níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ilẹ̀ Benin, pleine conscience ni à ń gbọ́ pé wọ́n ń pè é. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ ọ́n sí mindfulness. Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ ti Faransé yẹn sí Yorùbá kíákíá á pè é ní “ẹ̀rí ọkàn tó kún”, nítorí conscience náà ni à ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọkàn. Ẹni tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ á rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ àti ìrònúpìwàdà ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí ènìyàn mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ̀ àti ní àyíká rẹ̀, ní àsìkò tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, láì tíì dá a lẹ́jọ́ pé ó dára tàbí kò dára.

Èdè wa ní ọ̀rọ̀ méjì tó gbé e ju ti Faransé lọ lójú tèmi. Èkíní ni “fiyè sí”. Èkejì ni “fara balẹ̀”. Ẹ wo èkejì yìí dáadáa. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni à ń sọ fún pé kó fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kánjú, ọmọ tó ń sáré sókè sódò nínú ilé, ẹni tó ń fi ìwàǹwára gé aṣọ aláṣọ, “fara balẹ̀” ni à ń wí fún un. Ara la ní kó gbé wá sílẹ̀ ná. Àwọn tó sọ èdè yìí ṣáájú wa ti rí i pé bí ara bá ń sá, ọkàn kò lè jókòó. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé wà nínú ọ̀rọ̀ kan yìí: ọ̀nà kan wà tí à ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọkàn, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì ni ara.

Aránṣọ ni mí, kò jìnnà sí ọjà Ouando. Láti ìgbà tí ọ̀gá mi ti tú mi sílẹ̀, ìdí ẹ̀rọ ni mo ti ń lo ọjọ́ mi. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹ̀yìn ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, ó dé èjìká, ó dé orí. Oorun wá di ọ̀wọ́n. Mo lo oògùn, mo fi ìpara pa á, ara á fúyẹ́ fún ọjọ́ méjì, á tún padà. Dókítà wá ní kí n lọ rí kiné, ìyẹn àwọn tó ń fi ọwọ́ àti ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé. Mo rò pé yóò fi òróró ra mí lẹ́yìn ni. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ní kí n jókòó bí mo ṣe máa ń jókòó sídìí ẹ̀rọ, kí n dijú, ó sì bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, níbo ni èjìká yín wà báyìí?” Mo ní ibi tó máa ń wà náà ni. Ó ní kí n lajú, kí n wo dígí. Èjìká mi méjèèjì ti gòkè débi pé díẹ̀ ló kù kó kan etí. N kò mọ̀. Èjìká tí mo gbé wáyé, n kò mọ ibi tó wà. Láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni mo ti ń fi í gbé ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò gbé lé mi lórí.

Ẹ jẹ́ ká dán nǹkan kan wò. Ẹ dijú, kí ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ẹ kò rí i, síbẹ̀ ẹ mọ ibi tó wà, ẹ mọ̀ bóyá ìgbọ̀nwọ́ ká tàbí ó nà. Ojú kọ́ ló sọ fún yín, etí kọ́. Inú iṣan àti oríkèé wa ni àwọn ohun tíntìntín kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ròyìn fún ọpọlọ: orúnkún ti ká tó báyìí, iṣan yìí ti fà, ẹsẹ̀ òsì ló gbé ìwúwo. Òmíràn wà nínú etí lọ́hùn-ún tó ń sọ bóyá orí dúró tàbí ó tẹ̀. Tọ̀sán tòru ni ìròyìn yìí ń lọ. Ọpọlọ kì í gbé gbogbo rẹ̀ wá síwájú wa, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí bí a bá ní láti ronú lórí ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kadà tí à ń pè ní zemidjan á ti gbá wa kí a tó kọjá títì. Ṣùgbọ́n bí a bá ti di etí sí ìròyìn náà fún ọdún pípẹ́, èjìká lè máa sọ̀rọ̀ títí, a kò ní gbọ́ àfi ìgbà tó bá di ìrora. Ohun tí wọ́n ń kọ́ni nínú gbígbé ara pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni pé kí a padà máa gbọ́ ohùn ara nígbà tó ṣì kéré.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Ṣáínà inú fídíò yẹn, tí ohun tí wọ́n ń ṣe ń jẹ́ tai chi, fi ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbé àpò gàrí sórí, kí ẹnìkan rọra sọ ọsàn kan lé e. Ẹ kò ní mọ̀. Ẹ wá gbé àwo òfìfo, kí ó sọ ọsàn kan náà sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ara rí. Nígbà tí a bá ń fi agbára ńlá ṣe nǹkan, ìyàtọ̀ kékeré á sọnù sínú agbára náà. Nígbà tí agbára bá dín kù, tí a kò kánjú, a ó rí i pé apá ọ̀tún ń dúró díẹ̀ kó tó gòkè, pé a máa ń séèémí nígbà tí a bá ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Moshe Feldenkrais tí wọ́n bí ní 1904, onímọ̀ físíìsì tó tún jẹ́ oníjúdò, orúnkún ara rẹ̀ ló fi kọ́ èyí. Orúnkún náà bàjẹ́, kò fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kàn án, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ ní ìwọ̀n kékeré, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀ogún, ó ń fiyè sí i títí ó fi mọ bó ṣe lè máa lò ó láì pa á lára. Ọ̀nà ìkọ́ni tó ti ibẹ̀ jáde ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní.

Ọkàn ńkọ́? Ní 2010, Matthew Killingsworth àti Daniel Gilbert ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà fi fóònù bi àgbàlagbà 2,250 léèrè ní oríṣiríṣi wákàtí: kí lẹ ń ṣe báyìí, kí lẹ ń rò, báwo ni inú yín ṣe rí? Nínú ìdáhùn tí wọ́n gbà, nǹkan bí 47 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ pé ọkàn kò sí níbi iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe. Bí ìdajì nìyẹn. Ara wà nílé, ọkàn wà lọ́jà. Inú wọn kò sì dùn tó nígbà tí ọkàn bá ti lọ bí ìgbà tó bá wà nílé. Kódà bó bá jẹ́ nǹkan dáadáa ni wọ́n lọ ń rò, kò mú inú wọn dùn ju kí wọ́n wà nídìí ohun tí wọ́n ń ṣe lọ.

Èmi mọ ibi tí ọkàn tèmi máa ń lọ. Owó ilé ìwé. Owó iná. Ọ̀rọ̀ tí oníbàárà kan sọ sí mi níjẹta, tí mo ṣì ń wá èsì rẹ̀. Nígbà tí a bá wà nínú irú ìrònú bẹ́ẹ̀, ara kò mọ̀ pé olówó kò sí lẹ́nu ọ̀nà. Á múra ìjà bí ẹni pé ó wà níbẹ̀: èémí á kúrú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á le, àyà á máa lù kì-kì-kì, èjìká á gòkè. A kò lè pàṣẹ fún àyà pé kó rọra lù. Ṣùgbọ́n èémí gbọ́ àṣẹ díẹ̀, iṣan sì gbọ́ àṣẹ. Iṣan ìmọ̀lára kan wà tó ti ọpọlọ sọ̀kalẹ̀ gba ọrùn lọ sí àyà àti ikùn, vagus ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Òun ló ń sọ fún àyà pé kó rọra. Nígbà tí a bá ń mí síta, iṣẹ́ rẹ̀ máa ń pọ̀ sí i díẹ̀, àyà á sì lù díẹ̀ kéré sí ti ìgbà tí a ń mí sínú. Ẹ lè fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò lọ́rùn ọwọ́ yín. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ ọwọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń mí síta, tí kò kánjú mí sínú padà, ó ń bá àyà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè tó gbọ́.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Oníbàárà mi tó ní kí ọmọ pa fóònù kò purọ́ pátápátá, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣẹ̀sín. Nǹkan wọ̀nyí ní orírun. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ni ìrìn ìfiyèsí ti wá. Mọ́ńkì ará Vietnam kan, Thich Nhat Hanh, tó kú ní 2022 lẹ́ni ọdún 95, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di mímọ̀ ní Yúróòpù, láti ibùdó rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Yoga ti Íńdíà wá. Ẹni tó gbé e wọ ilé ìwòsàn ni Jon Kabat-Zinn, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà. Ní 1979, ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Massachusetts, ó kó àwọn aláìsàn tí ìrora wọn kò gbọ́ oògùn jọ, ó sì fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọ́ wọn. Wọ́n ń dùbúlẹ̀, wọ́n ń fi ọkàn rin gbogbo ara láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ dé orí. Wọ́n ń jókòó, wọ́n ń fiyè sí èémí. Wọ́n ń na ara pẹ̀lẹ́ bíi ti yoga. Wọ́n ń rìn. Kò sí àdúrà nínú rẹ̀, kò sí òrìṣà, kò sí ẹni tí à ń foríbalẹ̀ fún. Ohun tí wọ́n mú nínú rẹ̀ ni ìfiyèsí, ìyẹn kò sì ní ẹ̀sìn.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà síbẹ̀, ẹ̀sìn tirẹ̀ kò ṣàìní irú rẹ̀. Ìlú tí a wà yìí, mọ́sálásí ńlá rẹ̀ kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn àlùfáà Mùsùlùmí ń kìlọ̀ pé kí olùkírun dúró kí oríkèé balẹ̀ nínú rúkù, kó balẹ̀ nínú sùjúdù, kó má ṣe bí ẹyẹ tó ń ṣa oúnjẹ. Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, tí Oshoffa dá sílẹ̀ níbí ní Àjàṣẹ́ ní 1947, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n ń rìn nínú sùtánà. Mi ò sọ pé ìrun jẹ́ ìdárayá, tàbí pé bíbọ́ bàtà jẹ́ mindfulness. Ọlọ́run ni wọ́n ń ṣe tiwọn fún. Mo kàn ń sọ pé ara tó dúró jẹ́ẹ́ kí ọkàn tó dé kì í ṣe àjèjì sí wa.

Èyí tó tún ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ lójú ni pé wọ́n rò pé kí ọkàn ṣófo ni. Mo gbìyànjú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀. Ọkàn kì í ṣófo, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa rò, bí iṣẹ́ etí ṣe jẹ́ kó máa gbọ́. Mo jókòó, ìrònú dé, mo lé e, ó mú ẹlòmíràn dání. Ìgbà tí kiné yẹn ní kí n dìde, kí n rìn, ni nǹkan yí padà, nítorí ẹsẹ̀ fún ọkàn ní ibi tó lè bà lé. Mo gbà gbọ́ pé fún àwa tí à ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ìrìn dára ju kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ìjókòó lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìrìn náà, nítorí ibẹ̀ ni adùn wà. Àgbàlá tó gùn tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá tó, pálọ̀ náà tó. Ẹ bọ́ bàtà bí ilẹ̀ bá mọ́. Kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ rárá, ẹ dúró. Egungun 26 ló wà nínú ẹsẹ̀ kan láti kókósẹ̀ lọ sílẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń ṣiṣẹ́ kí ẹ má bàa ṣubú. Níbo ni ìwúwo yín wà jù? Lórí gìgísẹ̀ ni, àbí níwájú? Ṣé ẹsẹ̀ òsì ló gbé e ju ọ̀tún lọ? Ẹ má tún un ṣe. Ẹ kàn mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá dúró fún èémí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ ó rí i pé ẹ kò dúró jẹ́ẹ́ rárá: ara ń lọ síwájú díẹ̀, ó ń padà sẹ́yìn díẹ̀, bí ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ èèkàn létí ọ̀sà. Èyí ya mí lẹ́nu lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Ìdúró tí mo rò pé ó jẹ́ àìṣe nǹkan kan, iṣẹ́ ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ìwúwo ṣàn lọ sórí ẹsẹ̀ òsì díẹ̀díẹ̀ títí ẹsẹ̀ ọ̀tún yóò fi fúyẹ́. Gìgísẹ̀ ọ̀tún á kúrò nílẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ á tẹ̀lé e, àtàǹpàkò ló máa kẹ́yìn. Ẹsẹ̀ á kọjá lójú òfuurufú. Níbẹ̀ yẹn, gbogbo ara yín wà lórí ẹyọ kan. Gìgísẹ̀ á kan ilẹ̀, ẹ ó mọ̀ bóyá ilẹ̀ tutù tàbí ó gbóná, bóyá iyanrìn wà níbẹ̀. Ẹ gbé èkejì. Kò pọn dandan kó falẹ̀ bí ìgbín. Bí ẹ bá falẹ̀ jù, ẹ ó máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ọkàn á wá wà lórí ẹ̀rù pé ẹ fẹ́ ṣubú. Ẹ rìn bí ẹni tí kò ní ibi tó ń lọ. Bí ẹ bá dé ìpẹ̀kun, ẹ dúró kí ẹ tó yí, nítorí ibi ìyípadà ni ọkàn ti máa ń sá jù. Èmi kò mọ ìdí rẹ̀, mo kàn mọ̀ pé bí mo bá ti yí ẹ̀yìn báyìí, mo ti wà lọ́jà.

Á lọ dájúdájú. Ní ìṣísẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ ó ti máa bá ẹnìkan ṣàríyànjiyàn nínú ọkàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á wá bínú sí ara wọn, wọ́n á ní àwọn kò lè ṣe é. Ohun tó yẹ kó yé wa jù lọ nìyí: ìgbà tí ẹ bá rí i pé ọkàn ti lọ, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ náà wà. Bí abẹ́rẹ́ bá yà kúrò lójú ìránṣọ, aránṣọ tó mọṣẹ́ kì í lu ẹ̀rọ. Á dá ẹsẹ̀ dúró, á gbé irin tó tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ sókè, á dá aṣọ padà sójú ìlà, á tẹ̀síwájú. Bó bá yà ní ìgbà ogún, á dá a padà ní ìgbà ogún. Ẹni tó dá ọkàn padà ní ìgbà ogún nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò kùnà ní ìgbà ogún.

Ìyá mi, ọmọ Kétu ni, ilé wọn ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé ìrìn yìí fún un, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ló kọ́kọ́ sọ sí ọkàn rẹ̀. Ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran, bí wọ́n ṣe máa ń wí. Ní 2001 ni UNESCO kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àrà tí aráyé gbọ́dọ̀ tọ́jú, ó sì wọ àtòkọ wọn ní 2008. Àtòkọ kan náà ni yoga wọ̀ ní 2016, tí tai chi wọ̀ ní 2020. Ìyá mi ní ẹ wo ẹni tó gbé igi gbígbẹ́ sórí, tí aṣọ bò ó mọ́lẹ̀, tí irin ń dún lẹ́sẹ̀ rẹ̀: ohun tí ìlù bá sọ, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ tẹ̀lé e. Bí ọkàn rẹ̀ bá lọ sóko, ìlù á fi í sílẹ̀, gbogbo agbo á sì gbọ́. Mo sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ìyàtọ̀ wà. Oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń jó fún àwọn ìyá, fún ìlú. Wọ́n ń wò ó, ó ní láti ṣe é dáadáa. Nínú ìrìn àgbàlá, kò sẹ́ni tó ń wò yín, kò sí ohun tí à ń pè ní ṣíṣe é dáadáa. Ó ronú sí i, ó ní àṣé ó rọrùn jù ú lọ, ó sì tún le jù ú lọ.

Ọmọ iṣẹ́ mi kan bi mí pé ṣé a lè ka ilẹ̀ gbígbá náà mọ́ ọn? A lè kà á mọ́ ọn, bí ẹni tó ń gbálẹ̀ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìró ìgbálẹ̀ lórí iyanrìn, ìbàdí tó tẹ̀, ọwọ́ tó ń lọ tó ń bọ̀, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ yìí dá àwọn obìnrin lóró. Ẹni tó ti gbá ilẹ̀, tó pọn omi, tó gún iyán, tó ru ọjà dé Ouando, kì í ṣe òun la ó sọ fún pé kó lọ máa fi ìfiyèsí ṣiṣẹ́ sí i. Ìsinmi ló yẹ ẹ́. Bó bá fẹ́ ìdárayá yìí, kó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, kó jẹ́ kí orúnkún méjèèjì ṣubú sápá ọ̀tún, sápá òsì, bí ọmọ tí wọ́n ń mì jẹ́jẹ́ kó lè sùn, kó máa mí. Ìyẹn náà tó.

Ní ti ìdí ẹ̀rọ, òwú ìsàlẹ̀ ni agogo mi. Nígbàkigbà tó bá tán, kí n tó wé òmíràn, mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gbé èjìká sókè títí dé etí bí mo ṣe ń mí sínú, kí n tó wá jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú èémí síta, díẹ̀díẹ̀ títí kò fi sí ibòmíràn tó lè sọ̀kalẹ̀ sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Ìrora ọrùn mi kò tán pátápátá, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ọ kó tó di ìrora, oorun mi sì ti padà.

Nípa eré ìdárayá, òótọ́ ni oníbàárà mi kejì sọ. Èyí kò lè rọ́pò ìdárayá tó ń múni làágùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 2020 ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe ìdárayá tó ń mú èémí yára díẹ̀, bí ìrìn kánmọ́kánmọ́, kí àwọn arúgbó sì máa ṣe èyí tó ń jẹ́ kí wọ́n dúró ṣinṣin, ó kéré tán ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ní ti ìdúró ṣinṣin yìí, ìgbésẹ̀ pẹ̀lẹ́ ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ní 2012, Fuzhong Li àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oregon ní Amẹ́ríkà kó ènìyàn 195 jọ tí àrùn Parkinson, èyí tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n tó ń mú ẹsẹ̀ wúwo, ń bá jà. Wọ́n pín wọn sí mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ 24: àwọn kan ṣe tai chi, àwọn kan ń gbé ohun tó wúwo, àwọn kan ń na ara lásán. Àwọn tó ṣe tai chi dúró ṣinṣin ju àwọn yòókù lọ, wọn kò sì ṣubú tó àwọn tó ń na ara.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín bí oògùn gbogbo àrùn. Kò wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn, ẹni tó ń lo oògùn kó má ṣe fi í sílẹ̀. Ẹni tí òòyì máa ń kọ́ kó di ògiri mú. Ìrora tó gún bí abẹ́rẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń fara dà, ẹ dúró, kí ẹ sì lọ rí oníṣègùn. Èyí tí wọn kì í sábà sọ ni pé àwọn mìíràn wà tí ohun burúkú ti ṣẹlẹ̀ sí ara wọn, ìjàǹbá, lílù, àti èyí tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dijú, tó fọkàn sínú ara, ohun náà lè padà wá lójijì. Kò túmọ̀ sí pé ó ti ṣe àṣìṣe. Kó lajú, kó wo igi tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, kó fọwọ́ kan ògiri, kó dá a dúró. Kó wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tí yóò bá a rìn, kó má ṣe dá a ṣe.

Kò béèrè aṣọ pàtàkì, kò béèrè ẹní olówó ńlá, kò gba sẹ́fà kan lọ́wọ́ yín. Ìṣẹ́jú márùn-ún lójoojúmọ́ ṣàǹfààní ju wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù lọ. Ìrọ̀lẹ́ dára fún èmi, lẹ́yìn tí mo bá ti bo ẹ̀rọ.

Nígbà tí mo lọ sí Kétu kẹ́yìn, mo bá ìyá mi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ kan lára ògiri, ó ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ìkòkò omi, ó ń padà. Mo dúró, n kò pè é. Nígbà tó rí mi, ó ní kí n wá bọ́ bàtà, kí n wá dúró síbi tí òun dúró sí. Ó ní láti ọdún tí òun ti ń gbé ilé yìí, òun kò mọ̀ pé ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò tutù ju ti ẹnu ọ̀nà lọ tó báyìí.